Èló ló yẹ ká gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tó fẹ́ háyà ilẹ̀ oko bàbá wa ní Texas?

Ọmọ_Olóko

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ìyá, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá ilẹ̀ Amẹ́ríkà fà á tipẹ́.

Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ra ilẹ̀ oko kan sí apá ìlà-oòrùn Texas nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí. Ékà 214 ni. Bíi 60 nínú ẹ̀ jẹ́ pápá koríko tí aládùúgbò wa kan ń da màlúù sí, tó sì ń sanwó fún wa lọ́dọọdún. Igbó ni ìyókù, odò kékeré kan sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Ilé onígi kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa máa ń kóra jọ sí. Bàbá ò ṣe ìwé ìhágún kí wọ́n tó lọ. Màmá ṣì wà. Àwa ọmọ jẹ́ mẹ́rin: èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà ní Texas, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà ní London, àbíkẹ́yìn wà ní Canada.

Àwọn ọdẹ mẹ́fà kan tí wọ́n ti ń dẹ ilẹ̀ tó bá tiwa pààlà wá bá mi. Wọ́n ní àwọn á san dọ́là 1,500 lọ́dún kí àwọn máa pa àgbọ̀nrín nínú igbó wa. Àbúrò mi ní wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni, pé owó náà kò gbọdọ̀ dín ní 5,000. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn níbi tí àwọn ọmọ òun ti ń ṣeré. Èló gan-an ló yẹ ká pè é?

Bísí_Waco

Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ bàbá. Ẹ má tíì pe iye kankan o.

Kí ni wọ́n fẹ́ rà ná? Ṣé àgbọ̀nrín nìkan ni, àbí gbogbo ẹran tó bá yọjú? Ṣé ìgbà ọdẹ nìkan ni, àbí láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá? Àwọn mẹ́fà yẹn nìkan ni, àbí wọ́n á máa kó ọ̀rẹ́ àti àna wá? Ṣé wọ́n á máa sùn nínú ilé onígi yẹn? Owó 1,500 lè pọ̀, ó sì lè kéré; ohun tí ẹ bá tà fún wọn ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Ẹ tún lọ wo ìwé tí ẹ fún ẹni tó ń da màlúù. Mo mọ ibì kan tí ìwé ti fún onímàlúù ní ilẹ̀ pátápátá, tí kò sọ pé koríko nìkan ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọdẹ lọ́dọọdún, onílẹ̀ jókòó sílé kò mọ nǹkan kan.

Àdìsá_Ọlọ́jà

Ọjà ni, ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ náà, ẹ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá ní owó jù mú un. Bí ẹnì kan bá lè san 5,000, kí ló dé tí ẹ fẹ́ gba 1,500? Àbúrò yín ló mọ ohun tó ń sọ.

Ọdẹ_Tòkunbọ̀

Ọdẹ ni mí, èmi náà ń sanwó ilẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń wò ká tó tọwọ́ bọ àpò.

Ní Texas, ohun tó ju ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni aládàáni. Ilẹ̀ ìjọba tí ọdẹ lè wọ̀ kéré. Ìdí nìyẹn tí owó fi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí kò ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ní i sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ la ń sanwó lé bákan náà.

Wọ́n máa ń fi ékà pe iye. 1,500 lórí ékà 214, bíi dọ́là méje lórí ékà kan nìyẹn. 5,000 jẹ́ dọ́là 23 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ pápá màlúù 60 yẹn kúrò, nítorí kò sí ọdẹ tó fẹ́ jókòó láàárín màlúù. Ó ku igbó 154. Lórí èyí, 1,500 wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là mẹ́wàá lórí ékà. Kò burú tó bí àbúrò yín ṣe rò ó, kò sì dáa tó bí àwọn náà ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á.

Ohun tó ń gbé owó sókè: odò tí kì í gbẹ, igi óákù tó ń so èso tí àgbọ̀nrín ń jẹ, ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láìrì, ibi tí kò jìnnà sí ìlú ńlá, àti pé àwa nìkan la ó máa wọ̀ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ohun tó ń já a wálẹ̀: màlúù nínú igbó ní oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ epo tó ń wọlé tó ń jáde, aládùúgbò tó ń yìnbọn lẹ́bàá ààlà, àti onílẹ̀ tó ń yí ọkàn padà láàárín ọdún.

Ohun kan tún wà. Ọdẹ mẹ́fà nínú igbó ékà 154 ti pọ̀jù. Kò tó ékà 26 fún ẹnì kan, ọta ìbọn ńlá sì lè rìn ju máìlì kan lọ. Ẹ̀yin ẹ bi wọ́n léèrè: mélòó nínú wọn ló máa wà nínú igbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Tó bá jẹ́ èmi, n ò ní gun ẹ̀gùn (ìjókòó ọdẹ) lórí igi níbi tí ẹni márùn-ún mìíràn wà láyìíká mi. Mẹ́rin tó. Kí mẹ́rin san ohun tí mẹ́fà fẹ́ san, kódà kí wọ́n fi kún un, inú wọn á dùn sí i.

Àdìsá_Ọlọ́jà

Bí mẹ́fà bá ń san 250 lórí, kí mẹ́fà náà san 800 lórí, ó parí. Kí ló kan onílẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe jókòó?

Ọdẹ_Tòkunbọ̀

Ó kàn án dáadáa. Bí ọ̀kan bá yìnbọn lu ìkejì lórí ilẹ̀ yín, ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá bá?

Amòfin_Jẹ́jẹ́

Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni lọ́yà yín, ẹ sì nílò ẹni tó máa rí ìwé ilẹ̀ náà pẹ̀lú ojú ara ẹ̀. Mo rí ohun méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, ìkejì sì kan iye owó tààrà.

Èkíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo yín, tí bàbá kò sì ní ọmọ níbòmíràn? Ṣé lẹ́yìn tí bàbá àti màmá ti ṣègbéyàwó ni wọ́n ra ilẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ń gbé ní Texas? Mo ń béèrè nítorí pé ní Texas, ohun tí tọkọtaya bá rà nínú ìgbéyàwó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé ìyàwó yẹn ló bí gbogbo ọmọ ẹ̀, ìdajì tirẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Màmá nìkan ló ni ilẹ̀ tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bá ara yín jà lé lórí. Bí bàbá bá ní ọmọ níta, ọ̀rọ̀ yí padà, ìdajì bàbá á di ti àwọn ọmọ.

Èkejì. Orí 75 nínú ìwé òfin Texas tí wọ́n ń pè ní Civil Practice and Remedies Code ń dáàbò bo onílẹ̀ oko tó bá gba èèyàn láyè láti wá ṣọdẹ tàbí ṣe fàájì. Bí ẹni náà bá fara pa, ojúṣe tí ẹ ní sí i kò ju èyí tí ẹ ní sí ẹni tó yọ́ wọ ilẹ̀ yín láìgbàṣẹ lọ. (Kò yọ yín bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní jàǹbá, tàbí tí àìbìkítà yín burú jáì.) Tí ẹ kò bá gbowó, ààbò yẹn wà. Tí ẹ bá gbowó, ó ṣì wà, bí gbogbo owó tí ẹ gbà fún irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ náà lọ́dún tó kọjá kò bá ju ìlọ́po 20 owó orí ilẹ̀ ọdún náà lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa san ó kéré tán 500,000 dọ́là fún ẹnì kan, mílíọ̀nù kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, àti 100,000 fún dúkìá tó bà jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe iye, ẹ mú rìsíìtì owó orí ilẹ̀ jáde. Èló lẹ san lọ́dún tó kọjá?

Ìyá_Màlúù

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ rántí ẹni tó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Èmi náà ń da màlúù lórí ilẹ̀ onílẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rí nígbà tí onílẹ̀ bá kó ọdẹ wọlé láìsọ fún mi.

Ọdẹ á ṣí géètì sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ yára jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ẹran mi á bọ́ sójú títì. Ọdẹ á gbé ẹ̀rọ tó ń da àgbàdo kalẹ̀ fún àgbọ̀nrín, màlúù á lọ jẹ ẹ́, wọ́n á bi í wó, ọdẹ á sì fi tẹlifóònù pè mí bú. Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi wáyà yí ẹ̀rọ náà ká lówó ara wọn. Kí onímàlúù kó ẹran ẹ̀ kúrò nínú igbó títí ìgbà ọdẹ á fi kọjá, kí ẹ sì dín díẹ̀ kù nínú owó tó ń san fún yín. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, ẹ ó jèrè lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ ó pàdánù ẹni tó ti ń sanwó fún yín látọjọ́ pípẹ́, tó sì ń bá yín ṣọ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ṣé pápá yẹn kò kún fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó?

Ọmọ_Olóko

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Amòfin, ọmọ ìyá kan ni wá, bàbá wa kò ní ọmọ níta (a ti bi Màmá, wọ́n fẹ́ fi bàtà lé wa). Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́ kí wọ́n tó ra ilẹ̀ náà, Texas ni wọ́n sì ń gbé nígbà yẹn. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún àbúrò mi lórí fóònù, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní London rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Owó orí ilẹ̀ tí a san lọ́dún tó kọjá jẹ́ 412 dọ́là. Wọ́n ń kà á sí ilẹ̀ oko nítorí màlúù, ìdí nìyẹn tó fi kéré. Ìlọ́po 20 jẹ́ 8,240. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn?

Ìwé onímàlúù: ojú ewé kan péré ni, bàbá ló fọwọ́ kọ ọ́, ó ní "koríko àti omi." Kò mẹ́nu kan ọdẹ.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kún ibẹ̀ o. Wọ́n ti hú pápá koríko náà bíi pé ẹni kan fi ẹ̀rọ katakata ro ó lóru.

Àwọn ọdẹ ní àgbọ̀nrín nìkan làwọn fẹ́, ṣùgbọ́n tí àwọn bá rí ẹlẹ́dẹ̀, àwọn á pa á. Wọ́n tún béèrè bóyá àwọn lè máa sùn nínú ilé.

Ohun tó le jù: ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ (Thanksgiving) ní oṣù Kọkànlá, gbogbo ẹbí máa ń wá sílé onígi yẹn, tọmọtọmọ. Màmá kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yìnbọn nígbà yẹn.

Amòfin_Jẹ́jẹ́

Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Iye tí àwọn ọdẹ yín pè àti iye tí àbúrò yín pè, méjèèjì wà lábẹ́ 8,240. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbogbo owó ìgbádùn lórí ilẹ̀ náà lọ́dún ni òfin ń kà, kì í ṣe ti àgbọ̀nrín nìkan. Tí ẹ bá tún gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja nínú odò, ẹ ó kó o pọ̀. Owó koríko onímàlúù kò sí nínú ẹ̀, torí iṣẹ́ oko nìyẹn.

Pẹ̀lú ìyẹn náà, èmi ṣì máa ní kí ẹgbẹ́ ọdẹ náà ra ìnṣọ́ránsì tiwọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ Màmá sínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ ààbò. Ẹgbẹ́ ọdẹ ló sábà máa ń rà á, ẹ kò ní láti yọ ọ́ nínú owó yín. Kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé náà kí ẹ tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ọdẹ ní Texas gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì onílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Texas Parks and Wildlife. Ibi tí ọdẹ ti ń ra láísẹ́ǹsì tiẹ̀ náà ni ẹ ti máa rà á, títóbi ilẹ̀ ló sì ń sọ iye ẹ̀.

Ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ń ta àgbọ̀nrín. Ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ti onílẹ̀; òfin ní ti gbogbo ará Texas ni. Ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ yín ni ẹ ń tà. Tí wọn kò bá rí ẹran kankan pa títí ìgbà ọdẹ fi parí, wọn kò lè ní kí ẹ dá owó padà.

Lọ́rọ̀ ìwé ilẹ̀: ẹ jẹ́ kí lọ́yà tún ìwé náà ṣe kó bọ́ sórúkọ Màmá, kí Màmá fọwọ́ sí àdéhùn ọdẹ. Kí ẹ̀yin ọmọ má fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tiyín.

Bísí_Waco

Háà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún bi Màmá iye tí wọ́n fẹ́!

Ọdẹ_Tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ yìí ló máa pinnu owó yín ju ékà lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni ìgbà ìbọn fún àgbọ̀nrín máa ń ṣí. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ jẹ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà. Láàárín àkókò yẹn ni akọ máa ń lé abo kiri, tí kì í bìkítà, tó máa ń jáde lọ́sàn-án gangan. Ìgbà yẹn náà ni ọdẹ máa ń gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ ń mú ọjọ́ tó dáa jù lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ẹ lè mú un, ilẹ̀ yín ni, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ẹ ó fi nǹkan sílẹ̀ fún un.

Tó bá jẹ́ èmi, mo lè gbà kí n má wọ igbó láti Ọjọ́rú títí di Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi kí n tó sanwó. Ohun tí n ò lè gbà ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tẹlifóònù pè mí lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà pé kí n má wá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà, ẹ fi bírò pupa yí ilé náà ká, ẹ kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀, tàbí kọjú ìbọn síbẹ̀, lọ́jọ́ kankan nínú ọdún. Ẹ̀gbọ́n yín ní London á sùn dáadáa.

Ilé: ẹ má fi kún un. Tí wọ́n bá sùn nínú ẹ̀, omi, iná, ìdọ̀tí àti òrùlé ti di ọ̀rọ̀ yín. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ àgbésùn wọn wá, kí ẹ fi ibi tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí hàn wọ́n.

Ìyá_Màlúù

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ yẹn! Ọdún yípo. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò ní ìgbà tí wọ́n ń tì í, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 sì ni kò ti pọn dandan kí ẹni tó ń pa á lórí ilẹ̀ aládàáni ní láísẹ́ǹsì ọdẹ mọ́, bí onílẹ̀ bá ti gbà. Èmi kì í gbowó lórí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá pa á fún mi, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lóru ni wọ́n fi ń pa á jù, pẹ̀lú iná, màlúù dúdú sì wà lóko. Kí wọ́n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti onímàlúù kí wọ́n tó wọlé lálẹ́. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ wọlé.

Àdìsá_Ọlọ́jà

Pápá 60 ékà yẹn ńkọ́? Àwọn àdàbà máa ń bà síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fọ́n ọkà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ ta ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń yìnbọn fún ẹyẹ. Owó mìíràn nìyẹn, kò ní kàn àwọn ti àgbọ̀nrín.

Amòfin_Jẹ́jẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn sí wàhálà. Àdàbà wà lára ẹyẹ tí ń ṣí kiri, òfin ìjọba àpapọ̀ tó wà láti 1918 ló ń dáàbò bò wọ́n. Oko tí wọ́n gbìn, tí wọ́n sì kórè bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe, èèyàn lè yìnbọn fún àdàbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn da ọkà sílẹ̀ kí ẹyẹ lè bà sí i, ìdẹ nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì lè kan ẹni tó da ọkà náà.

Àdìsá_Ọlọ́jà

Ó dáa, mo gbọ́. Síbẹ̀ mo ṣì dúró lórí pé kí wọ́n gbé e síta kí ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ jù mú un.

Bísí_Waco

Èyí ni mo fẹ́ dá yín lóhùn sí. Ilẹ̀ àna mi kan, ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n gbé e fún. Ọ̀gá náà sanwó lójú ẹsẹ̀, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Ó wá pín ilẹ̀ náà tà fún àwọn mìíràn tí onílẹ̀ kò mọ̀ rí, ó gba owó ẹ̀ padà, ó tún jèrè lé e. Àjèjì ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí àna mi fi máa mọ̀, ọ̀nà oko ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, wọ́n sì ti kan ìṣó ẹ̀gùn mọ́ àwọn igi tó fẹ́ tà fún àwọn onípákó. Igi tí ìṣó bá wà nínú ẹ̀, ilé ìlapákó kì í fẹ́ ẹ.

Èmi á kọ ọ́ báyìí: wọn kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ náà háyà fún ẹlòmíràn, orúkọ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kò sí ìṣó lára igi. Wọ́n ní àwọn ti ń dẹ ilẹ̀ tó bá tiyín pààlà. Ẹ lọ bi onílẹ̀ yẹn. Tó bá ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, iye kan wà tí ẹ lè fi sílẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ọdẹ_Tòkunbọ̀

Òótọ́ ni Àǹtí Bísí sọ. Kí ẹ tún gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ wọn. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ yẹn ní Texas. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọ̀rọ̀ iye owó wàyí. Ẹ kọ́kọ́ kó ìnáwó jọ: láísẹ́ǹsì onílẹ̀, owó lọ́yà, òkúta tí ẹ ó dà sójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, ohun tí ẹ máa dín kù fún onímàlúù. Ìsàlẹ̀ owó yín nìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ gbà kó kéré sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Texas A&M AgriLife Extension, àwọn tó ń gba àgbẹ̀ àti onílẹ̀ nímọ̀ràn, ní káńtì yín, ẹ bi wọ́n ní iye tí àwọn aládùúgbò ń gbà. Ọ̀fẹ́ ni. Káńtì kan sí èkejì yàtọ̀ gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ilẹ̀ gúúsù Texas, níbi tí wọ́n ti ń wá akọ oníwo ńlá, pe ti yín.

Ọmọ_Olóko

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n fi ọ̀yàyà gbà mí. Wọn kò fún mi ní iye kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fi hàn pé 5,000 jìnnà sí ohun tí wọ́n ń gbà ní àdúgbò wa, pé 1,500 náà sì kéré díẹ̀ fún ilẹ̀ tó ní odò, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí á máa wọ̀ ọ́. Mo bá onílẹ̀ tó bá wa pààlà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó ní wọ́n ń ti géètì, wọ́n sì máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí òun. Ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ máa dẹ ilẹ̀ ẹ̀ báyìí ló jẹ́ kí wọ́n máa wá ibòmíràn.

Màmá ló pè é nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní 2,400, ọdẹ mẹ́rin, kò sí ilé nínú ẹ̀, kò sí ìbọn láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ Ìdúpẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí igbó 154, ó lé díẹ̀ ní 15 dọ́là lórí ékà.

Àwọn ọdẹ dáhùn lánàá. Wọ́n ní àwọn á san 2,700 tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá lè wà nínú ìwé, pé àwọn méjì nínú wọn ti dàgbà, wọn kì í sì í wá ju òpin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ọdẹ_Tòkunbọ̀

Ẹ gbà á, bí ìwé bá sọ pé mẹ́rin ló lè wà nínú igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ gbé pátákó kan kọ́ sẹ́yìn géètì, kí ẹni tó bá wọlé kọ orúkọ ẹ̀ àti ibi tó wà, kó sì pa á rẹ́ nígbà tó bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ ń ṣe é, kì í ṣe ohun àrà lójú wọn.

Bísí_Waco

Kí ìdajì owó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé, kí ìyókù wọlé kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ àgbàdo kankan kalẹ̀. Ọdún kan péré ni kí ẹ kọ, kí wọ́n ní àǹfààní láti kọ́kọ́ sọ bóyá wọ́n fẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má kọ ọdún márùn-ún fún ẹni tí ẹ kò tíì bá lò.

Amòfin_Jẹ́jẹ́

Owó náà, owó háyà ni lójú àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, kí Màmá fi sínú ìwé owó orí wọn. Kí ẹ̀yin ọmọ má pín in kẹ́ ẹ tó rántí pé orúkọ Màmá ló wà lórí ẹ̀. Kí ẹ sì kun òpó ààlà ní àwọ̀ àlùkò (purple): ní Texas, ìlà àwọ̀ yẹn jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí àjèjì má wọlé, bí ìgbà tí èèyàn gbé pátákó síbẹ̀. Kí ìlà náà dúró lóòró, kó gùn tó íǹṣì mẹ́jọ, kó fẹ̀ tó íǹṣì kan, kó wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún sílẹ̀. Àwọn ọdẹ yín fúnra wọn á fẹ́ bá yín kùn ún.

Ọmọ_Olóko

Wọ́n ti ní àwọn á kùn ún, àwọn á sì ra ọ̀dà ẹ̀. Màmá gba 2,700. Lọ́yà ń kọ ìwé náà lọ́wọ́, onímàlúù sì ti ní òun á kó ẹran kúrò nínú igbó kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí n fi àwòrán tó ní bírò pupa yẹn ránṣẹ́ sí òun, ó sì ti fi kún ibi tí mo yí ká. Àbúrò mi ṣì ń sọ pé 5,000.